Oríkì Àjùlọ, Ọba Ilé Gẹ̀ẹ́sì

Onílù, rọra. Tíṣà, gbé pàṣán sílẹ̀ ná. Ẹni tí mo fẹ́ kì yìí, kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Àjùlọ, mo júbà o!
Àrísá nínú kíláàsì, àbálàágùn nínú ìdánwò!
Ìwọ lo so 'er' mọ́ 'tall' nídìí tó di 'taller',
Ìwọ lo fi 'est' dé e ládé tó di 'tallest'.
'Tall' wà láyè ara rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan;
'Taller' ti ń yọjú wo orí aládùúgbò;
'Tallest' dé, kò rí ẹnìkan mọ́.
Aráyé ì bá má mọ ìlara, ìwọ lo kó òṣùwọ̀n lé wọn lọ́wọ́.

Ọba aṣòfin! Ta ló mọ òfin í ṣe tó ọ? O ní ọ̀rọ̀ tí kò ju sílébù kan lọ, 'er' ni kó gbà. O ní èyí tó bá gùn tó sílébù mẹ́ta, 'more' ni kó máa ṣáájú rẹ̀, bí 'more' bá sì ṣe tirẹ̀ tán, kí 'most' gbà á. Ìdí nìyẹn tí 'beautiful' kì í fi í jáde láìsí ẹmẹ̀wà. Òfin yìí gún, ó yé ọmọdé. Àfi bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn onísílébù méjì tí gbogbo rẹ̀ dojú rú. 'Happy' ní òun yóò pa 'y' dà sí 'i' kí òun tó wọlé. 'Modern' yarí, ó ní 'more' lòun fẹ́. 'Clever' ní èyí tó bá wà nílẹ̀ ni kí wọ́n bù fún òun, ìbáà ṣe 'cleverer', ìbáà ṣe 'more clever', òun kì í ṣe oníyọnu. 'Unhappy' tó ti di onísílébù mẹ́ta ń tọ ẹ̀yìn 'happy' lọ, ó ń jẹ́ 'unhappier' lójú gbogbo ayé. Àti 'big'! Ó mú 'g' kan wọ ààfin rẹ, ó kó méjì jáde. Sílébù kan péré ni 'fun' náà ní, ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹni dán 'funner' wò lójú tíṣà, kó wá rí ohun tí ojú rẹ̀ máa rí.

O ò jẹ̀bi, Kábíyèsí. Ọba kì í jẹ̀bi.

A-bímọ-má-jọ-ọ́! Ẹ wo 'good', ẹ wo 'better', ẹ bá mi wo imú wọn. Àwọn tó tú ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀ ti rí i pé agbo ilé ọ̀tọ̀ ni 'better' ti wá, wọ́n kàn gbé e fún 'good' tọ́ ni. Ti 'bad' ló tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láyé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 'worse' ti wà nílẹ̀ kí 'bad' tó yọjú. Ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ 'yfel', èyí tó di 'evil' lónìí, ni wọ́n ń kà á mọ́. 'Bad' dé lẹ́yìn, ó bá ọmọ tó ti dàgbà, ó ní òun ni bàbá rẹ̀. Ààfin gbà, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ẹ̀rí. Ọmọ kékeré tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òfin rẹ, tó sọ pé 'gooder', tó sọ pé 'badder', òun tó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu jù gan-an ni wọ́n ń nà.

A-dé-fìlà-méjì-lé-orí-kan! Ní Nàìjíríà níbí, ẹni tó bá la ẹnu pé 'more better' ti kan ìjàngbọ̀n, wọ́n á ní kò kàwé. Bẹ́ẹ̀ Shakespeare kọ eré Julius Caesar, ó fi 'most' ṣáájú ọ̀rọ̀ tó ti dé 'est' tẹ́lẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún Ọba James ní 1611 ṣe bákan náà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 26, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń rojọ́ níwájú Àgírípà, ìjọ sì ń ṣe àmín sí i. Nígbà tó di 1762, Robert Lowth, àlùfáà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé gírámà jáde, ó ní àṣà náà kò tọ́. Shakespeare ti kú láti 1616. Pàṣán Lowth ò bá a. Àwa ló bá.

'Lesser' ńkọ́? 'Less' ti gba oyè rẹ tán, wọ́n tún so 'er' mọ́ ọn. Samuel Johnson bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1755. 'Lesser' gbọ́, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Àwọn tíṣà wa tún ní ohun tó bá ti 'perfect' kò ní ibi tó tún ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1787 fi 'more' síwájú rẹ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pàá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun tán ni, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ta ló máa wá pe irú wọn lẹ́jọ́ nítorí gírámà?

'Senior' ní tiẹ̀ ti Látíìnì wá tòun ti oyè lára. 'Than' kì í bá a rìn, 'to' ni, ìbéèrè ìdánwò sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní iléèwé gírámà wa, 'senior' ò nílò 'to', kò nílò 'than'. Ó kàn máa na garawa sí ọ ni.

Àwa ọmọ Yorùbá, òtòṣì ni wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. 'Jù' kan ṣoṣo la ní. Ó ga jù mí lọ, ó burú jù mí lọ, ó gbọ́n jù mí lọ: 'ga' ò pààrọ̀ aṣọ, 'burú' ò sọ orúkọ nù, 'gbọ́n' ò di lẹ́tà kún ẹrù. Kò sẹ́ni tí 'jù' jẹ́ kó fìdí rẹmi rí. Ṣé ìyẹn náà la fẹ́ pè ní ọlá? Ìtìjú gbáà ni! La ṣe ń wọ́ tọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ ló wà lára Brighter Grammar, ìwé tí Phebean Ògúndípẹ̀ bá Eckersley àti Macaulay kọ, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé Nàìjíríà gbé sínú báàgì láti ìran dé ìran. 'Brighter', ó dán jù. Ó dán ju èwo lọ? Ẹ̀yìn ìwé ò sọ. Tíṣà tó sì ń fi ìwé yẹn kọ́ wa ló máa ń pariwo pé ẹni tó bá ti pe 'er', kó yáa wá 'than' fún un.

Àjùlọ, ẹnu mi ti gbẹ. Akígbe ọba kì í relé lọ́wọ́ òfo, nawọ́ sápò. Ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ ọrẹ mi láti orí 'little' o, mo ti mọ̀ ọ́. Bí o bá bù kún 'little', 'less' ló ń dà. Bí o bá tún bù kún un, 'least' ni màá gbé relé. 'Much' ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.