Orúkọ Rere, Dọ́là 8 Lóṣù

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, wọn ò sì sọ iye tó fi sàn jù. Títí di ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, kò sẹ́ni tó dá iye lé e. Ìgbà náà ni Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù 44 dọ́là. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kéde iye àmì búlúù tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ níbẹ̀: dọ́là 8 lóṣù.

Ká má parọ́ mọ́ àmì búlúù yẹn, ibi ire ló ti wá. Ní 2009, ẹnì kan fi orúkọ Tony La Russa, akọ́nimọ̀ọ́gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ń kọ ìkọkúkọ lórí Twitter. La Russa pe Twitter lẹ́jọ́. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn gbajúmọ̀, ká lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Àmọ́ ohun tí a fi ń mọ gbajúmọ̀, ta ni kì í wù? Ọmọ Ìbàdàn tí ìyá rẹ̀ ń fi oríkì jí, tí gbogbo agboolé mọ̀ tìdítìdí, òun náà ń bẹ àjèjì tí kò rí i rí pé kó jọ̀ọ́ jẹ́rìí pé òun ni òun.

Musk gbọ́ àdúrà wọn: sanwó, gba àmì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ẹnì kan sanwó, ó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ Eli Lilly wọ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni ínsúlíìnì báyìí. Eli Lilly wà lára àwọn tó ń ta oògùn náà fún àwọn oní-àtọ̀gbẹ, owó gọbọi sì ni nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1876 wá ń tọrọ àforíjì pé ayédèrú ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ti í bẹ̀bẹ̀ rí pé ẹ má bínú, a ò ṣoore?

Orúkọ wá di ilé àyágbé. Ní oṣù Kẹrin 2023, onílé lé àwọn tí kò sanwó jáde, ó gba àmì lára wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ku sára òǹkọ̀wé Stephen King. Àkọlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní King ti sanwó, ó sì ti fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. King ní òun ò sanwó, òun ò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà. Àmì tí wọ́n ṣe kó máa jẹ́rìí òtítọ́ ló ń purọ́ mọ́ ọn yẹn. Musk ní òun lòun bá a san án.