Àwòrán Ara Ògiri

Ẹni tó bá ní Èkó kò ní iṣẹ́ ọnà ojú títì, kó wo ara ògiri ní Múṣin. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ‘Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419’, ọ̀dà náà sì ṣàn wálẹ̀ bí omijé onílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ‘Má tọ̀ síbí’, pẹ̀lú àwòrán àlùmọ́gàjí gbàǹgbà fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Àwọn kan á ní ìkìlọ̀ lásán nìyẹn. Ó dáa. Ṣebí wọ́n ní ọnà gidi a máa dá èèyàn dúró, a sì máa mú un ronú? Àlùmọ́gàjí yẹn ń ṣe méjèèjì, ó tún ń mú ọkùnrin yára so okùn ṣòkòtò rẹ̀ padà. Àwòrán mùsíọ́mù wo ló ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí?