Táyà Mi Ni Wọ́n Fi Jagun

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ìyà ti jẹ rí, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá ń ròyìn ogun tí Gbagbo àti Ouattara fi du ipò ààrẹ ní Àbíjàn, ní Ivory Coast, wọ́n á sọ ti Hôtel du Golf tí Ouattara fi ṣe ibùjókòó, wọ́n á sọ ti hẹlikópítà Faransé, wọ́n á sọ ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011 tí wọ́n mú Gbagbo. Kò burú. Táyà wá ńkọ́? Ta ló dárúkọ táyà mi? Gbogbo bàráàjì, ìdínà ojú títì, tí ẹ rí nínú fọ́tò, tí èéfín dúdú ń rú lórí rẹ̀, kí lẹ rò pé ó ń jó níbẹ̀? Igi ọ̀pẹ ni? Táyà ni! Mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fọkanáísà ni mí. Ẹ̀gbẹ́ títì tó wọ Zone industrielle, agbègbè ilé iṣẹ́, ní Yopougon ní Àbíjàn ni mo ti ń lẹ táyà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó ẹrù jáde gba ọ̀nà Yamoussoukro lọ. Ọmọ Èjìgbò ni mí, bíi ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílùú yìí, Anàgó ni àwọn onílẹ̀ sì ń pè wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2010 dé, àjọ elétò ìdìbò ní Ouattara ló wọlé, ìdá 54.1 nínú 100. Ìgbìmọ̀ òfin ní ó tì o, Gbagbo ni, ìdá 51.45. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì búra lọ́jọ́ kan náà! Ẹ gbà mí! Ilẹ̀ kan, ààrẹ méjì, èmi tí mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò, orí èmi ni gbogbo rẹ̀ wá já lé.

Ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe rí fún yín. Oṣù Kìíní 2011, Ouattara ní kí ẹnikẹ́ni má ta kòkó sókè òkun mọ́ kí owó má baà dé ọwọ́ Gbagbo, àwọn ará Yúróòpù ní ọkọ̀ ojú omi wọn kò gbọdọ̀ bá èbúté Àbíjàn dòwò pọ̀, ilé iṣẹ́ ò rí èròjà, ẹ̀rọ dákẹ́, òṣìṣẹ́ lọ sílé, ọkọ̀ akẹ́rù ò jáde mọ́, ọkọ̀ tí kò sì jáde, táyà rẹ̀ kì í jò, táyà tí kò jò, kí ni n ó lẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò sì rí nǹkan lẹ̀, kí ni yóò jẹ? Àwọn ńlá ń bára wọn du owó kòkó, èmi tí mi ò ní igi kòkó kan ṣoṣo ni ebi ń pa!

Ó di àárín oṣù Kejì, àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn. Mi ò ní dárúkọ tèmi, kí wọ́n má baà gbọ́ kí wọ́n tún tì í. Owó mi wà nínú, èmi wà níta, gíláàsì ló wà láàárín wa. Gáàsì ìdáná náà wá wọ́n bí ojú. Ìyàwó mi á gbé sílíńdà òfìfo rù láti ìdájí, á tò, á tò, á gbé òfìfo náà rù padà wálé, á wá máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dí èbúté. A padà sórí èédú, èédú náà sì ti mọ̀ pé a ń bọ̀, ó ti fowó lé ara rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ebi ogun pa rí: mo gbọ́ pé ojú àwọn ará Jámánì náà rí nǹkan nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn, ọ̀dùnkún ò ṣe dáadáa lóko, nígbà òtútù 1916 sí 1917 ni wọ́n ń jẹ tọ́nípù tó jẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, kọfí wọn kì í ṣe kọfí gidi, èso igi ni wọ́n ń yan lọ̀ sí i. Mo káàánú wọn, Ọlọ́run rí ọkàn mi. Ṣùgbọ́n láti 1915 ni ìjọba ti fún wọn ní káàdì búrẹ́dì! Káàdì! Èèyàn á di káàdì rẹ̀ mú, á mọ ìwọ̀n tó tọ́ sí òun, bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, á mọ ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ. Èmi ní Yopougon, ta ló fún mi ní nǹkan kan?

Káàdì kan ṣoṣo tí mo ní ni ti kọ́ńsúlà Nàìjíríà, òun gan-an ló sì fẹ́ẹ̀ kó bá mi. Ní ìparí oṣù Kejì, àwọn èèyàn Gbagbo ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣọ́ àdúgbò, ni bàráàjì bá hù ní gbogbo oríta, láti Siporex dé Gesco. Ẹ má gbàgbé pé Goodluck Jonathan ni alága ECOWAS nígbà náà, àjọ náà sì ti sọ ní Abuja nínú oṣù Kejìlá pé bí Gbagbo kò bá lọ, àwọn lè fi agbára mú un. Àwọn ọmọ bàráàjì gba káàdì mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pè mí ní tọ̀ńtọ́ǹ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí: “Tọ̀ńtọ́ǹ, ààrẹ yín fẹ́ wá bá wa jà.” Ààrẹ wo? Ààrẹ tí kò mọ̀ pé wọ́n bí mi? Ta ló ń tú àpò mi? Ọmọ tí mo máa ń fún bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré! Bó ṣe tú àpò tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Tọ̀ńtọ́ǹ, a fẹ́ yá táyà.”

Yá! Ẹ bá mi gbọ́! Ẹni tó fẹ́ dáná sun nǹkan ló ní òun fẹ́ yá a! Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tó ti gbó, mo dákẹ́. Wọ́n kó àwọn tí mo ti lẹ̀, mo sunkún. Wọ́n wá kó ti àwọn oníbàárà, wọ́n yí wọn lọ sójú títì, wọ́n ṣáná sí i, atẹ́gùn sì fẹ́ èéfín rẹ̀ padà wọ yàrá mi tààrà, bí ẹni pé kò sí yàrá mìíràn ní gbogbo Yopougon. Ẹnì kan ní kí n gba kámú, pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara pa. Ṣé koríko ni táyà? Koríko á hù padà!

Nínú agboolé wa ńkọ́? Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi tan RTI, tẹlifíṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ Gbagbo, sókè títí ògiri fi ń gbọ̀n, ẹni apá òsì ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé rédíò òkè òkun lòun ń gbọ́, ó gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, gbogbo agboolé sì tò síta tí wọ́n di ikùn mú. Òfin kónílé-ó-gbélé ti dé, a ò lè sá lọ sí tàwọn aládùúgbò.

Wọ́n mú Gbagbo, wọ́n ní ogun ti parí. Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Kò sẹ́ni tó sọ fún Yopougon! Ìbọn ń dún níbí títí wọ oṣù Karùn-ún. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ni wọ́n ní ogun náà pa, mi ò sì ní fi ti wọn ṣe àwàdà. Ti àwa tó kù láàyè ni mò ń sọ.

Nígbà tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, oníbàárà mi kan dé, ó mú ìwé ìdógò rẹ̀ lọ́wọ́ láìká a rárá, ó ní òun wá gba táyà òun. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, láti orí kòkó dé orí rédíò inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó kí mi kú ìyà. Ó wá ní òun kò fún ààrẹ kankan ní táyà o, èmi lòun fún. Mo ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀.