Adìyẹ Tó Sanwó Okùn

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí ní gáréèjì Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta mọ òfin ibẹ̀. Ọkọ̀ Èkó kì í gbéra títí ìjókòó tó gbẹ̀yìn á fi rẹ́ni jókòó sí i. Bí èrò kan bá sọ̀ kalẹ̀ pé òun fẹ́ lọ tọ̀, tó sì gba ibẹ̀ lọ ra ẹ̀pà, awakọ̀ á bú u, agbèrò á bú u, ìyá tó gbé àgò adìyẹ sítan náà á bá wọn bú u, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi í sílẹ̀. Bí mọ́tò bá tilẹ̀ ti ń yí, gbólóhùn kan péré ló ń dá a dúró: "Ó ku ẹnì kan o!"

Kò sẹ́ni tó kígbe bẹ́ẹ̀ ní São Tomé lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, ní erékùṣù kékeré tó wà nínú òkun ní ìhà gúúsù sí Nàìjíríà níbí, èrò mẹ́jọ dúró, wọ́n ń wo ọkọ̀ tiwọn lórí omi. Norwegian Dawn lorúkọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó gbéra ní Cape Town lọ́jọ́ 20 oṣù náà, tó ń lọ sí Barcelona, ìrìn àjò ọjọ́ 21. Àwọn mẹ́jọ yìí, ará Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, bá afinimọ̀nà kan tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ wo ìlú, ìlú dùn, wọ́n pẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà níbi tó dákọ̀ró sí. Ọ̀gá atukọ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í jáde láìmú káàdì rẹ̀ dání. Káàdì yẹn ni wọ́n fi ń kà á jáde, òun ni wọ́n fi ń kà á wọlé, òun ló fi ń ra ọtí, òun náà ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò. Ilẹ̀kùn ló ń wọ òkun lọ.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: ẹni tó gùn kò gbádùn, ohun tó gùn náà kò sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún adìyẹ ayé àtijọ́. Ó ṣèèṣì ni. Bóyá ajá ló lé e, bóyá ó rò pé ẹ̀ka igi lòun fò lé. Adìyẹ òde òní kò ṣèèṣì rárá. Ó tọ́jú owó fún ọdún kan gbáko, ó lọ tò fún físà, ó ṣí ìwé aláwòrán mèremère, ó yan okùn tó wù ú níbẹ̀, ó sì ka dọ́là kalẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kàn án. Ó tún ya fọ́tò ara rẹ̀ lórí okùn, ó fi ránṣẹ́ sílé.

A ò ní purọ́ mọ́ ọ̀gá atukọ̀. Àwọn mẹ́jọ yẹn pẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó kéré tán, wákàtí kan ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí ló yẹ kí èrò ti padà dé, ojúṣe èrò sì ni láti mọ àsìkò. Ẹ̀bi wọn ni. Ti ẹni tí kò pẹ́ ńkọ́? Ti ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tó ti sanwó tán, tó dúró síwájú yàrá ara rẹ̀ tí yàrá ò gbà á wọlé?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá kan láti Kútọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Houston dáwó jọ fún pé kí Bàbá náà lọ najú. A ò ní dárúkọ ọkọ̀ tí wọ́n fi í sí, nítorí gbogbo wọn ni. Ká ṣáà mọ̀ pé wọn kì í ṣe kékeré. Icon of the Seas, tó kọ́kọ́ kó èrò ní Miami ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní yàrá 2,805. Ó lè gba èrò 7,600, òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì tó 2,350. Abúlé tó pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí abúlé kankan nínú wọn tí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ti jọra.

Bàbá ti jẹun yó. Kò rí láfún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ gbogbo ohun tó kù. Ó ti wọnú omi tí wọ́n gbẹ́ sórí omi, ṣòkòtò rẹ̀ ń kán tótó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń pè é kíkankíkan. Ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn. Iná pupa. Ó yí i sódì. Pupa. Ó fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu awò ojú. Pupa. Ìgbà tí gbogbo ọgbọ́n pin, ó ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà: ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Àgò o!" Ta ni yóò wá dáhùn? Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Ó rìn títí, ó gun lífítì, ó dé ibi ìgbàlejò, ó tò sẹ́yìn àwọn tí kọ́kọ́rọ́ tiwọn náà kọṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń kọ́ni lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi káàdì náà sún mọ́ fóònù. Fóònù! Inú fóònù ni ilé-iṣẹ́ ní kí ó ti máa wo àsìkò oúnjẹ, inú rẹ̀ ni kó ti máa wo àwòrán ọkọ̀ kó má baà sọnù, inú rẹ̀ ni kó ti máa wo gbèsè tó ń jẹ. Ìgbà tí òun àti káàdì wá jọ bá ara wọn nínú àpò kan, ó di ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá.

Ọmọbìnrin náà kò sì parọ́. Lára ọ̀pọ̀ káàdì bẹ́ẹ̀ ni ìlà dúdú kan wà tí wọ́n fi òòfà kọ nǹkan sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí òòfà rẹ̀ má lágbára bíi ti káàdì báńkì, kó lè rọrùn láti pa àmì àlejò àná rẹ́, kí wọ́n kọ ti òní sí i. Ohun tó rọrùn fún onílé láti pa rẹ́, ó rọrùn fún òòfà ìdè báàgì obìnrin pẹ̀lú. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti kúrò lórí òòfà, wọ́n ti bọ́ sórí ìgbì rédíò, ṣùgbọ́n àgádágodo ara ilẹ̀kùn ṣì ń jẹ bátìrì bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Bí bátìrì yẹn bá kú, ẹ tẹ káàdì tuntun mẹ́wàá fún Bàbá, inú omi ṣòkòtò rẹ̀ ni yóò ṣì wà.

Káàdì yìí kò sì ti inú àwàdà wá. Ní ọdún 1974, ọ̀daràn kan já wọ yàrá tí gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, Connie Francis, sùn sí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì fipá bá a lò. Ìròyìn náà wà lára ohun tó mú Tor Sørnes, ará Norway tó ń ṣe àgádágodo, jókòó ro bí kọ́kọ́rọ́ àlejò àná kò ṣe ní lè ṣí ilẹ̀kùn àlejò òní. Ó lu ihò sára káàdì. Àyè ihò 32 ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà tò wọ́n sì ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ọgbọ́n gidi ni, fún ìdí gidi. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ní oṣù Kẹta ọdún 2024 kan náà tí àwọn mẹ́jọ há sí São Tomé, àwọn onímọ̀ ààbò kéde àlébù kan lára àgádágodo Saflok: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi káàdì méjì tó rọ fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn èyíkéyìí nínú òtẹ́ẹ̀lì kan, ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ní orílẹ̀-èdè 131. Olè wọlé. Olówó wà níta, ó ń nu káàdì.

Okùn ńkọ́? Okùn náà kò sùn. Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, tó ń fi táwẹ́ẹ̀lì ṣe erin àti ọ̀bọ lé e lórí, fi ìyàwó sílẹ̀ ní Philippines tàbí Indonesia fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ìsinmi kò yàtọ̀. Òfin àgbáyé tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ojú omi, èyí tí wọ́n ṣe ní 2006, gbà kí wọ́n mú un ṣiṣẹ́ tó wákàtí 14 lóòjọ́, wákàtí 72 lọ́sẹ̀. Ààbò nìyẹn o. Kí ẹ wá wo ohun tí ìyà ìbá jọ. Ilé-iṣẹ́ ń yọ owó ìdúpẹ́ lójoojúmọ́ lórí káàdì èrò fún wọn, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó ju dọ́là 15 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń dúpẹ́, kò mọ̀ pé òun ń dúpẹ́. Ìgbà tí ó bá wá mọ̀, ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò ni yóò pariwo mọ́, òun tí kò láṣẹ lórí owó náà, tí kò láṣẹ lórí ilẹ̀kùn, tí òun gan-an pẹ̀lú ẹnì kan jọ ń pín yàrá tí kò ní fèrèsé ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bí Bàbá bá ní òun yóò fẹjọ́ sùn, ọ̀nà jìn. Royal Caribbean, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Miami, Làìbéríà níbí ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ti Carnival wà ní Panama fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti Norwegian wà ní Bermuda. Tọkọtaya kan láti ìpínlẹ̀ Washington gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́yìn tí ìyàwó ṣubú nínú ọkọ̀ Carnival kan. Ní 1991, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ fún wọn pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti ní Florida nìkan ni wọ́n ti lè pẹjọ́, ní ìkángun kejì orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ló ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ ń yá gágá?

Síbẹ̀, èyí tó pa ẹni lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti ọkọ̀ Carnival Triumph. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, iná sọ nínú ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárín òkun Mexico. Èrò àti òṣìṣẹ́ tó bíi 4,200 wà nínú ọkọ̀ tí kò níná, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, wọ́n ń sùn síta gbangba, wọ́n ń ṣe gáà sínú ọ̀rá, títí àwọn ọkọ̀ mìíràn fi wọ́ wọn dé Mobile ní Alabama lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dá owó wọn padà, wọ́n fi dọ́là 500 lé e fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún fún wọn ní owó tí wọ́n lè fi gun ọkọ̀ ìgbafẹ́ mìíràn. Ìyẹn ni pé okùn já mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n fi okùn tuntun tù ú nínú. Ọkọ̀ náà ṣì ń ná òkun títí di òní. Wọ́n tún un ṣe ní 2019, wọ́n ń pè é ní Carnival Sunrise.

Kì í ṣe pé Ẹ̀gbá kò mọ òkun. Ní 1839, àwọn Sàró tí wọ́n gbà lóko ẹrú kó owó jọ ní Freetown, wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì wà á wá sí Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ lára irú wọn ló fẹsẹ̀ rìn dé Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà. Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní wọkọ̀ lọ kí Ọba Edward Keje ní 1904. Àwọn ọmọ tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn wọn wọ Aureol, tó ń ná Lìfápúù sí Èkó láti 1951, wọ́n ń bì lọ, wọ́n ń bì bọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan ni gbogbo wọn ń lọ. Bàbá wa kò lọ síbì kankan. Miami ló ti wọkọ̀, Miami náà ni yóò ti sọ̀.

Ká tó rẹ́rìn-ín jù, okùn ti dé àgbàlá wa. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń fi káàdì ṣílẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta báyìí, wọ́n sì gbẹ́ ihò kan sára ògiri tí àlejò gbọ́dọ̀ ki káàdì bọ̀ kí iná àti ẹ̀rọ amúlétutù tó tàn. Àlejò tó gbọ́n ń ki káàdì mìíràn bọ̀ ọ́ kí yàrá máa tutù dè é. Àwọn kan ti rí iṣẹ́ fún káàdì ìdìbò wọn níkẹyìn. Bí àwọn oníná bá wá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń wú ikọ́ níta, àlejò á máa ki káàdì, á máa yọ ọ́, bí ẹni ń fọ eyín fún ògiri. Ọ̀rọ̀ náà cruise, tí òyìnbó ń pe ìrìn ọkọ̀ ìgbafẹ́, sì ti délẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé: bí ọ̀dọ́ ìlú yìí bá ti fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tán, á ní òun kàn ń catch cruise ni.

Àwọn mẹ́jọ ti São Tomé kò jókòó sójú kan. Wọ́n lé ọkọ̀ náà láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Wọ́n bá a dé Banjul ní Gáńbíà. Ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀ níbẹ̀ nítorí bí omi ṣe rí. Wọ́n tún fi ojú ọ̀nà gbà, wọ́n forí lé Dakar. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun yóò san owó tí wọ́n fi ti Banjul dé Dakar padà fún wọn. Ti São Tomé sí Banjul, ọrùn wọn ló wà. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin, Norwegian Dawn gúnlẹ̀ sí Dakar. Wọ́n lè wọ bàálù lọ sílé láti ibẹ̀. Wọ́n tún gùn ún. Barcelona ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ.