Màámi Wá Ṣírò Àbíjàn

Lọ́dọ̀ wa ní Èjìgbò, bí ẹnìkan bá ní ọmọ òun ń kàwé lókè òkun, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé òkun wo. Ọmọ aládùúgbò wa wà ní Kánádà. Àwòrán yìnyín ló ń fi ránṣẹ́, gbogbo àdúgbò á sì pagbo lé fóònù bàbá rẹ̀ lórí. Èmi wà ní Àbíjàn. Àwòrán ọ̀sà ni tèmi, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ta ni kò débẹ̀ rí? Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tààrà, ó di Àbíjàn. Wọ́n ń ná owó sẹ́fà lọ́jà wa. Ìyá àgbà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí á fi Faransé bá ọ dúnàádúrà iṣu títí wàá fi sanwó.

Bàámi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà fò dá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ránṣọ ní Treichville, tí wọ́n ń tajà ní Adjamé, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ kọ́lé sílé, ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló tó yé e pé àwọn ọ̀gbà rẹ̀ kò ní ìtàn mìíràn tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi ju ìtàn Àbíjàn lọ. Bó ṣe di Disẹ́ńbà 2024 nìyẹn tí òun àti màámi ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọ àwọn, kí àwọn sì wo ìlú. Mo jókòó, mo kọ ètò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: Plateau, kàtídírà, afárá, ọkọ̀ ojú omi, ẹnu ọ̀nà yunifásítì Félix Houphouët-Boigny tí mo ti ń kàwé. Èmi ni mo ni ètò. Àwọn ni wọ́n ni ojú.

Láti Èkó dé Àbíjàn lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ni pé kí ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa rìn fàlàlà láàárín wọn, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Bàámi ka èyí fún màámi kí wọ́n tó wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Adjamé, tí ẹsẹ̀ màámi ti wú, tí àwọn tó ń nawọ́ láti bodè kan sí èkejì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọn pọ́ọ̀sì rẹ̀ gbẹ, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun rí ìrìn o, òun ò rí fàlàlà.

Mo ti bá wọn wo yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́n. Màámi ní, “Hòtẹ́ẹ̀lì? Ṣé àbúrò mi ti kú ni?” Àbúrò rẹ̀, àǹkú mi, ò kú. Boribana ló ń gbé, ní Attécoubé, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ́nà ẹ̀bá ọ̀sà Banco, ní apá ibi tí katakata awólé ò tíì dé. Ibi tí kò sí nínú ètò mi rárá ni ètò mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, bàámi kó gbogbo ohun tó ń gba iná jáde nínú báàgì: fóònù, tọ́ọ̀ṣì, rédíò, àtùpà tí à ń fi iná sí. Ó ní kí n tètè kì wọ́n bọ iná kí “wọ́n” tó mú un lọ. Mo ní, “Bàámi, wọn kì í sábà mú un lọ níbí.” Ó ní ìjọba ibí ti rà mí. Ó gbé àga síta sábẹ́ gílóòbù, ó ń retí. Aago mẹ́wàá lù, iná ò lọ. Aago mọ́kànlá, iná ò lọ. Ó wá rọra bi àǹkú mi pé jẹnẹrétọ̀ ta là ń lò.

Àǹkú ṣàlàyé fún un pé gáàsì ni wọ́n fi ń mú iná wá, odò tí wọ́n sé sì ń ràn án lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ ń tà nínú rẹ̀ fún Gánà àti Burkina àti Mali. “Èyí tó ṣẹ́ kù?” “Èyí tó ṣẹ́ kù.” Bàámi ronú lọ títí. Ó ní àwa náà ń ta iná fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò àti Niger. Àwa ni a ò dúró dìgbà tó bá ṣẹ́ kù.

Ohun tí Àbíjàn ń ṣe fún ará ilé nìyí, tí Kánádà ò lè ṣe. Bó bá jẹ́ Kánádà ni, bàámi ì bá ní òyìnbó ni wọ́n, ì bá lọ sùn. Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ló ń pa wá, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wá, ẹ̀gẹ́ kan náà là ń hú nílẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Àìsùn ló bá a lọ sí yàrá, iná sì ń tàn kalẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà kò sí nínú ètò mi. Ní Boribana, ẹni tó bá ti gbọ́ pé ará Nàìjíríà ni bàámi, ìka méjì ló ń nà sókè, á wá fi ìka kan ti ọwọ́ kejì kún un. 2-1. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì 2024, ní pápá Ebimpé: Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan tiwa wọlé, Kessié dá a padà, Haller wá parí iṣẹ́, ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà di tiwọn. Ọmọ tó ń gbé omi kọjá ń nàka, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń nàka. Bàámi ò gbọ́ Faransé, ó gbọ́ èyí. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ní ìpele àkọ́kọ́ àwa la nà wọ́n, 1-0. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún nàka. Títí tó fi lọ ni òun náà ń na ìka kan ṣoṣo sí wọn láàárọ̀, wọ́n sì ń fi méjì dá a lóhùn, ó ti di ìkíni.

A dé Plateau ṣá. Kàtídírà St Paul ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1985. Aldo Spirito, ará Ítálì tó ya àwòrán ilé náà, ṣe ilé ìṣọ́ iwájú rẹ̀ bí ènìyàn tó na apá méjèèjì, tó ń fi okùn wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé ara rẹ̀. Màámi yí i po. “Ta lèyí?” Mo ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni. “Kí ló ń wọ́?” Mo ní ìjọ ni. Ó mi orí. “Pásítọ̀ wa gan-an nìyẹn. Wo bó ṣe rẹ̀ ẹ́.” (Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Mi ò gbọ́ èsì tó fọ̀.)

Bàámi ò wo ṣọ́ọ̀ṣì pẹ́. Àwọn ilé gíga ló ń wò, bí ẹni tó ń maaki ìwé ìdánwò. Ó bi mí pé owó kí ni wọ́n fi kọ́ wọn. Mo nawọ́ sí ilé Caistab, níbi tí àjọ tó ń bójú tó kòkó àti kọfí wà. Ojú rẹ̀ là. “Kòkó!” Ló bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lójú títì: pé Ilé Kòkó tiwa ní Ìbàdàn, alájà 26, ti dúró láti 1965, pé owó kòkó yìí kan náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló sì sọ òun di ènìyàn, pé nígbà tí àwa rí epo, a ju àdá sílẹ̀, àwọn ará ibí ò jù ú. Kò parọ́. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kòkó gbogbo ayé, ilẹ̀ yìí ló ti ń jáde. Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Orí afárá Henri Konan Bédié ni ìjà ti bẹ́. Afárá náà so Riviera mọ́ Marcory, wọ́n ṣí i ní Disẹ́ńbà 2014, 500 fráǹkì sì ni ọkọ̀ kékeré ń san kó tó gùn ún. Fráǹkì kan tó bíi náírà méjì ààbọ̀ nígbà náà, màámi ò sì jẹ́ kí ohunkóhun kọjá láìṣírò: omi inú ọ̀rá, ọsàn, owó takisí, owó tí mo fi dirun. Ó ṣírò eléyìí lẹ́ẹ̀mejì. “Náírà 1,250! Kí ènìyàn tó lè rí òdìkejì omi?” Bàámi gbè é lẹ́sẹ̀: “Third Mainland ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ẹnìkan ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí ò tó méjì.” Mo ní ọdún 2013 tí wọ́n ṣí afárá Lekki sí Ìkòyí ni wọ́n ti fi owó lé òun náà. Ó ní ta ni mo mọ̀ tó ń gbé ibẹ̀. Kí a tó dákẹ́, awakọ̀ ti sanwó. Màámi wá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká: kó rọra máa lọ, a ti sanwó, kí a lo afárá náà dáadáa.

Ọkọ̀ ojú omi láti Plateau sí Treichville ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti èbúté dé èbúté ni màámi ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, àwọn èrò sì ń bá a ṣe àmín.

Garba ni mo rà fún wọn lọ́sàn-án, oúnjẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́: attiéké, ẹja túnà díndín, àlùbọ́sà, ata tútù. Màámi ò fi kan ẹnu kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ìka méjì mú díẹ̀, ó ra á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni? Ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n rin ín? Wọ́n rin ín. Wọ́n fi sílẹ̀ kó kan, wọ́n fún omi rẹ̀? Wọ́n fún un. “Ó wá ku kí wọ́n yan án, ẹ̀rù bà wọ́n?” Mo ní ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Ó ní gààrí tó sá fún agbada nìyẹn. Mo wá ṣèèṣì sọ fún un pé nínú oṣù Disẹ́ńbà yẹn gan-an ni UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. “Ta ló bá gààrí fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀?” Bàámi ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. “Ìjọba tí kò rí iná tàn?” Ó jẹ ẹ́ tán ṣá o. Ó bu nínú tèmi.

Ibi tí wọ́n pẹ́ sí jù ni ẹ̀yìnkùlé àǹkú. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sọ́nà omi, ilé á tán, àlàpà á bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ yẹn náà ni katakata wọ Boribana àti Gesco àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ìjọba ní ojú àgbàrá ni wọ́n kọ́lé sí. Afárá tuntun tó sọdá sí Yopougon gba ibẹ̀ kọjá, owó Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ibi tí bàámi dúró sí wò ó, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ẹnìkan ni. Táìsì búlúù rẹ̀ ṣì ń dán. Igi ìbẹ́pẹ tó kù ní àgbàlá ṣì ń so.

Bàámi ní ní 1990 tí wọ́n wó Maroko l'Ékòó, ọmọ kan wá bá ìyá rẹ̀ àgbà ní Èjìgbò, ó sì wọ kíláàsì òun láìní ìwé, láìní bàtà. Nígbàkígbà tí tírákítọ̀ bá ń kọjá lọ oko, abẹ́ tábìlì ni ọmọ náà ń wọ̀. Ó bi àǹkú pé níbo làwọn ti ibí lọ. Àǹkú ní Abobo, Yopougon, ọ̀dọ̀ ẹbí. Àwọn mìíràn ò lọ. Wọ́n ti kun àmì pupa sára ògiri tó wà níwájú ilé àǹkú, láàárọ̀ kó tó bọ́jú ló ń lọ wo tiẹ̀. Bàámi ní irú ọ̀dà yẹn, Èkó mọ̀ ọ́n kùn dáadáa.

Màámi ní tiẹ̀ ti bá obìnrin tó ń sá ẹja lórí táìsì búlúù náà wọ̀rọ̀. Faransé ọjà Èjìgbò ló ń sọ, ọwọ́ ló fi ń parí rẹ̀. Obìnrin náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó gbé àpótí fún un. Wọ́n sọ ti ẹja, wọ́n sọ ti ẹ̀gúsí, wọ́n sọ ti ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, màámi kó ẹ̀gúsí tó gbé wá fún mi láti ilé, ó tà á fún un níwájú mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, ó pè mí. Ó ní ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Ó ní ṣé ìdánwò ti tán, mo ní ó ku ẹyọ kan, ọ̀la ni. Ó ní Olúwa á ṣe é. Kí n bá òun bi ẹlẹ́ja yẹn iye tí yóò gbà lórí àpò attiéké mẹ́wàá, kí n sì bá ọlọ́kọ̀ Èjìgbò sọ owó ẹrù, nítorí bàámi ò fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn mọ́ láàárọ̀, àwọn ọ̀gbà rẹ̀ abẹ́ igi náà sì ti ń béèrè. Mo ní, “Màámi, ìdánwò ńkọ́?” Ó ní aago mélòó ni. Mo ní aago mẹ́jọ.

Ó ní ẹlẹ́ja máa ń dé ibẹ̀ láago márùn-ún.