Gbogbo Ìlà Di Nọ́ńbà Kẹrin

Ẹni tó bá sọ pé ohun ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in, olúwarẹ̀ kò tíì pín ìwé ìròyìn òṣèlú rí. Ẹ pín ìrẹsì, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ já yín lápá. Ẹ pín áńkárá tí wọ́n tẹ orí olùdíje sí, ẹni tí kò gba káàdì ìdìbò rí á ní kí ẹ fi ti ìyàwó òun náà kún un. Ṣùgbọ́n ẹ na ìwé ìròyìn sí ọmọ aráyé, kí ẹ wá wò ó. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú sánmà bóyá òjò ń bọ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹlòmíràn á gbé fóònù sétí, á máa dáhùn ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Ìbàdàn ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2023. Ẹgbẹ́ òṣèlú 18 ló wà lórí ìwé ìdìbò ààrẹ lọ́dún náà, tiwa sì wà lára àwọn tí oníròyìn máa ń kó pọ̀ sẹ́yìn pé "àti àwọn yòókù". N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ojú wọn ti rí ti tó. A ò ní ìrẹsì, a ò ní áńkárá. Ìwé ìròyìn ojú ewé 8 ni a ní, alága wọ́ọ̀dù wa sì gbà tọkàntọkàn pé ìwé náà ló máa gbé wa dé ilé ìjọba. Kò sí ìpàdé tí kì í rán wa létí pé ìlú yìí náà ni Awólọ́wọ̀ ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949, kí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tó dé ní 1951. Á ní, "Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ dé, ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e." Ohun tí kì í rán wa létí ni pé títà ni wọ́n ń ta Tribune. Ẹni tó bá fowó ra ìwé kì í fi nu àga.

Tíṣà ni mí. Mo rò pé ẹni tó lè mú kí ọmọ ogójì jókòó jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án gangan á lè mú kí àgbàlagbà gba ìwé. Ìwó Road ni mo kọ́kọ́ gbé ìdì ìwé mi lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ pọ̀ sí. Ọkọ̀ pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń tú ni mo lọ dúró sí, níbi tí gbogbo ọkọ̀ Micra tó ti há láti àárọ̀ ti ń fi ìbínú sáré. Mo gbá tẹ̀ lé ọ̀kan, mo ń ké "Ẹ gbà, ẹ gbà, ti yín ni!" Awakọ̀ náà ò mọ ohun tí mò ń gbé bọ̀, ó yára yí gíláàsì sókè, ó sì há igun ìwé náà mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, etí ọ̀tún olùdíje wa nìkan ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta píọ̀wọ́tà ti ń wò mí bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń dúró. Ẹni tó ń lọ kì í gba nǹkan."

Níbi tí wọ́n ti ń dúró! Ní oṣù kejì ọdún náà, ta ni kò dúró ní Nàìjíríà? Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ikú owó àtijọ́ ti kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, owó tuntun kò sì sí níbì kankan. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Epo mọ́tò náà ti wọ́n. Láti ìdájí làwọn èèyàn ti ń tò síwájú báńkì, àwọn mìíràn gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní Dùgbẹ̀, orí mi sì wú. Àwọn wọ̀nyí kò lè sá, wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, inú sì ń bí wọn sí ìjọba. Kí ni ẹgbẹ́ alátakò tún ń wá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ara mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí òun ló kó bá mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo wọ̀, mo ki í bọ ṣòkòtò dáadáa, mo sì fi báírò kọ́ etí bí mo ti máa ń ṣe nílé ìwé. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo ń pín in lọ kíákíá, mo ń wí pé, "Ẹ gba tiyín, ẹ má jẹ́ kó fẹ́ lọ."

Áà, wọ́n gbà á! N kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kúrò láyè wọn, wọ́n na ọwọ́. Ìyá arúgbó kan ní kí n fún òun ní ti ọmọ òun tó lọ tọ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún alága pé ìlú ti jí, nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi:

"Nọ́ńbà kẹrin lèmi."

Ẹlòmíràn ní, "Rárá o, èmi ni nọ́ńbà kẹrin."

Ṣé ẹ rántí pé ìwé ìròyìn máa ń ní nọ́ńbà? Tiwa wà ní igun òkè, gàdàgbà: No. 4. Ìtẹ̀jáde kẹrin ni. Wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ báńkì ni mí, pé nọ́ńbà tí wọ́n á fi wọlé lọ gba owó ni mò ń pín. Báyìí ni gbogbo ìlà di nọ́ńbà kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà. Inú àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá dùn, wọ́n kọjá síwájú. Bàbá kan tó ti wà ní ipò kejì láti aago márùn-ún ìdájí wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti dá òun padà sí ipò kẹrin, ó sì bú sí igbe. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ara wọn mú.

Ẹ̀ṣọ́ báńkì jáde, ó bi wọ́n pé ta ló fún wọn ní nọ́ńbà. N kò rí i kí ará Ìbàdàn fi ohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé pé ìwé ìròyìn ni, pé ẹgbẹ́ alátakò ni wá, pé nítorí tiwọn la ṣe ń jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní irọ́ ni mò ń pa, ìjọba ló rán mi wá da ìlà rú kí wọ́n má ba à rí owó gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n létí gan-an. Bí kì í bá ṣe pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi ààyè rẹ̀ lórí ìlà sílẹ̀ láti lé mi, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìtàn yìí.

Ó yẹ kí n ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pé kí èèyàn tó na ìwé, kó kọ́kọ́ lanu kí èèyàn. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìfaradà, kí ni ì bá ná mi? N kò kọ́ ọ. Ìtìjú ni mo kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe dé Bẹẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ojú. Ìdì ìwé wà ní apá mi ọ̀tún, ọwọ́ tó ṣófo ni mo fi na ọ̀kan sí i. Bàbá kò wo ìwé. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ òsì ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Ó yẹ kí n sá. Mo dárúkọ bàbá mi. Bàbá ní, "Ti ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n mi orí, wọ́n ò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kí n tó délé, bàbá mi ti gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ òṣèlú, wọn kò béèrè ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe fún ìlú rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú títí di òní ni, "Ọwọ́ òsì?"

Mo padà lọ sí Bẹẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú mi, pẹ̀lú báírò pupa lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú ìwé náà. Yorùbá wà ní ojú ewé 7, lẹ́yìn ìkíni ọjọ́ ìbí ọ̀kan lára àwọn olóyè ẹgbẹ́. Wọ́n ní, "Townsend, òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó di 1860 kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Ọgọ́fà owó ẹyọ ló sì ń tà á, kò fi ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn wá fi àlejò síwájú, ẹ ti onílé sẹ́yìn." Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. Pupa rẹ̀ pọ̀ ju dúdú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ká ìwé náà pa dà kí n tó jáde nílé, kí ojú ewé 7 lè wà lókè. Ó ṣiṣẹ́. Èèyàn tó ń ka Yorùbá máa ń kọ́kọ́ kà á sókè fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn á sì fẹ́ jiyàn, ó di kó gba tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí mo fi orí ara mi lò, bàbá ló sì fún mi.

Ti fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ mọ àwọn tó máa ń dúró sídìí fẹ́ńdọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á ka gbogbo àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á jà lórí Arsenal àti òṣèlú, tí wọn ò ní ra ẹyọ kan. Mo pín ìwé wa fún wọn. Fẹ́ńdọ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ kí ebi pa ọmọ òun ni. Mo sáré.

Àmọ́ obìnrin kan wà ní Sáńgo, ládùúgbò wa, tí kì í kọ̀ láti gba ìwé wa. Ìdì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, á tún ṣàdúrà fún mi. Mo ròyìn rẹ̀ nípàdé pé a ti rí olùkàwé pàtàkì, pé ó ń bá wa pín in fún àwọn èèyàn rẹ̀. Alága ní dandan ni kí òun lọ kí i, ó sì mú ẹnìkan tó ń ya fọ́tò dání.

Àkàrà ni obìnrin náà ń dín. Bí a ṣe dé, ó ń yọ ti gbígbóná kúrò nínú epo, ó ya ojú ewé kìíní, ó sì da àkàrà lé olùdíje wa lójú. Epo wọ ọ́ títí ó fi hàn kedere sí òdìkejì. Ìyá kí wa tayọ̀tayọ̀, ó ní ìwé wa dára, kì í yára ya. Alága dákẹ́. Oní-fọ́tò kò mọ èyí tó máa yà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ àkàrà lórí ìdúró wá tọ̀ wá wá, ó ti rí báàjì alága láyà.

"Ẹ̀yin lẹ ni ìwé yìí, sà? Ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà tí mò ń kà níbí, ó ní ó kù lójú ewé 6. Ta ló gba ojú ewé 6?"

Ìyá alákàrà rántí pé ọlọ́kadà kan ló fi gbé àkàrà náírà ọgọ́rùn-ún lọ. Ọkùnrin náà bínú gidi. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà yẹn. Nínú gbogbo àwọn tí mo na ìwé sí nílùú Ìbàdàn, òun nìkan ló bi mí ohun tó kù. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni alága pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ojú ewé kan mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 24 oṣù kejì, ìdìbò ku ọ̀la, mo ṣì ní ìwé nílẹ̀. Mo jáde. Mo kí gbogbo èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún ni mo lò, ojú ewé 7 wà lókè. Mo kí obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì adúmáadán, mo na ìwé sí i. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ni. Ó rọra sọ fún mi pé òfin ìdìbò ọdún 2022 ní kí ìpolongo dópin ní wákàtí 24 ṣáájú ìdìbò, pé kí n lọ gba ìwé mi padà kí ọlọ́pàá tó rí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n kọ̀! Ọkùnrin kan tó ti fi tirẹ̀ jókòó dìde, ó nu ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ní ohun kan ní láti wà nínú rẹ̀ tí a ò fẹ́ kí àwọn rí. Ẹni tó bá rántí 1993 kò ní yà á lẹ́nu: nígbà tí ìjọba ológun fòfin de ìwé ìròyìn The News, Tempo ló jáde dípò rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti ń rà á. Ká ní mo mọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpolongo ni ǹ bá ti máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dá a padà.

Wọ́n dìbò lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n kà á ní ibùdó ìdìbò wa, ìbò méjì ni ẹgbẹ́ wa ní. Èmi ni mo dì ọ̀kan. Ìyàwó mi búra pé òun ló dì èkejì. Màmá mi náà búra. Ìyá alákàrà, tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń dìbò níbẹ̀, ní kí n má ṣèyọnu, òun ò jẹ́ dalẹ̀ ẹni tó ń fún òun ní ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú rẹ̀.