Gáréèjì Ìjàpá ní Minnesota

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó fò kọjá òkun, ó balẹ̀ sí Minnesota, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo àti ilé tí ó kọ́ fún kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo.

Minnesota kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí Ìjàpá máa gbé. Ara rẹ̀ kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìta bá ṣe rí ni inú rẹ̀ ń rí. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà sì ni òtútù ti já sí 51 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Tower, lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1996. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ ìrẹsì ìdágbére ní Ìbàdàn, tó ti gba àdúrà, tó ti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹbí ìyá àti ẹbí bàbá, ojú kò ní jẹ́ kó padà sílé torí òtútù. Ìjàpá dúró. Ó ra ilé kékeré sí ìgbèríko kan tí kò jìnnà sí Duluth.

Nígbà tó wo ọ̀tún, ó rí gáréèjì Béárì, tó gba ọkọ̀ méjì. Ó wo òsì, ti Ìkookò gba mẹ́ta. Ìjàpá ò ní ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ní, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jò tipẹ́. Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó ní òun máa kọ́ gáréèjì tí yóò tún jẹ́ ilé iṣẹ́-ọwọ́, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ogójì ní ìbú, ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa gbóná.

"Olówó orí mi," Yánníbo ní, "ilé tí à ń sùn ò tó ìdajì ìyẹn. Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Jẹ́ kí ilé iṣẹ́ dúró ná. Iṣẹ́ á máa wá a bọ̀."

Báńkì yá a lówó. (Báńkì ibẹ̀ kì í béèrè iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ ṣe nínú ilé iṣẹ́, iye tí yóò máa wọlé lóṣooṣù ni wọ́n ń bi í.) Ìjàpá bá kọrí sọ́dọ̀ Bífà, ẹranko eléyín gígùn tó ń dí odò tó sì ń kọ́lé sínú omi. Kò sí púlọ́ńbà tó mọ ọ̀nà omi tó o lágbègbè náà.

Bífà ní kó jókòó. Ó ní ìpìlẹ̀ ni àkọ́kọ́: lápá àríwá Minnesota, òfin ní kó wọlẹ̀ tó ínṣì 60, kí ilẹ̀ tó ń dì má baà ti ilé sókè. Lẹ́yìn náà, òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀rá tó nípọn á tẹ̀ lé e, torí ọ̀rinrin. Lórí ọ̀rá ni fóòmù líle oní-ínṣì-méjì, káàkiri ilẹ̀, àti pàápàá jù lọ létí ògiri yí po, kí ooru má baà sá jáde. Àwọ̀n irin á wá sórí fóòmù, a ó so páìpù oníke tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, yóò máa lọ yóò máa bọ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìlà kan sí èkejì. Ojú ọ̀nà kan kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ, kí omi má baà ti tutù tán kó tó padà dé. Ilẹ̀ tí Ìjàpá ń sọ yìí á gba ọ̀nà mẹ́jọ. Wọn á fi atẹ́gùn kún páìpù kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ń jò. Ìgbà náà ni kóńkéré á bò ó. Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, á wá máa ti omi gba abẹ́ ilẹ̀, omi tí kò tilẹ̀ gbóná ju èyí tí à ń wẹ̀ lọ.

"Ta ló gbọ́n tó báyìí?" Ìjàpá béèrè.

Bífà ní ó ti pẹ́. Àwọn ará Kòríà ti ń da ooru iná ìdáná gba abẹ́ yàrá kọjá láti ìgbà láéláé. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán-ilé Frank Lloyd Wright wọ̀ ní Japan, tí kò gbàgbé rẹ̀, tó fi tẹ́ páìpù sábẹ́ ilẹ̀ ilé ìdílé Jacobs ní Madison, Wisconsin, ní 1937.

Ìjàpá ò gbọ́ ti Wisconsin. Ojú rẹ̀ ti wà lára ìwé ìnáwó.

"Ọ̀gá Bífà, fóòmù 75 rèé. Bí kóńkéré bá ti bò ó, ta ni yóò rí i?"

"Kò sẹ́ni tí yóò rí i."

"Kọ́bọ́ọ̀dù irin pupa ńkọ́, èyí tí iná ń tàn nínú rẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò rí ìyẹn."

Ìjàpá fa gègé, ó pa fóòmù rẹ́, ó ku mẹ́ta.

"Ooru ò mọ olówó rẹ̀ o," Bífà ní. "Ibi tó bá tutù ló ń sá lọ."

Òfin ní kí wolé-wolé wá wo abẹ́ ilẹ̀ kí kóńkéré tó dé. Òwìwí sì ni wolé-wolé wọn. Ìjàpá dá àdéhùn sí ọ̀sán gangan, ìgbà tí oorun ń kun òṣìṣẹ́ òru. Ó tẹ́ fóòmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ilẹ̀kùn. Òwìwí dé, ó yán, ó fi èékánná kan fóòmù kan, ó tún yán, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ó wá ku fọ́tò. Bífà ti kì í nílọ̀ pé kó ya páìpù dáadáa, kó na okùn ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí bí kóńkéré bá ti bò wọ́n, fọ́tò nìkan ló máa lè sọ ibi tí wọ́n wà. Ìjàpá lọ wọ agbádá. Ó dúró sórí páìpù, ó yà á láti iwájú, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó tún ká apá agbádá sókè yà á, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọkọ̀ kóńkéré mẹ́ta dé, wọ́n ń yí ikùn. Bí wọ́n ti ń dà á ni Bífà bẹ̀rẹ̀ orin:

Lílé: Ìjàpá Tìrókò, kí lo sin sílẹ̀?
Ègbè: Ó di gbére, kóńkéré.
Lílé: Páìpù gbọọrọ, kò rí bùsùn.
Ègbè: Ó di gbére, kóńkéré.
Lílé: Ohun ojú ń rí lo ra lọ́wọ̀n-ọ́n,
Ègbè: Ó di gbére, kóńkéré.
Lílé: Ohun ojú ò rí, o pa á rẹ́.
Ègbè: Ó di gbére, kóńkéré.

Wọ́n fi kóńkéré sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kó gbó. Kọ́bọ́ọ̀dù pupa dé. Yìnyín náà dé. Ìjàpá tan bọ́ílà, ó pa ilẹ̀kùn, ó fi àyà lélẹ̀ gbalaja, ó ń retí.

Ilẹ̀ tutù bí òkúta inú odò. Bífà sọ fún un lórí fóònù pé kó ní sùúrù, kóńkéré tó ju àádọ́ta tọ́ọ̀nù kì í gbóná lójijì. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọjọ́ méjì kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Bíìlì gáàsì dé, Ìjàpá kà á, ó fa orí wọnú.

Ehoro ló kọ́kọ́ rí ibi tí ooru lọ. Yìnyín bo gbogbo ìgbèríko, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gáréèjì Ìjàpá, ní gbogbo ẹsẹ̀ ògiri, yìnyín ti yọ́, koríko sì ń hù láwọ̀ ewé. Ehoro jókòó. Àgbọ̀nrín wá jẹun níbẹ̀. Béárì, tó yẹ kó ti máa hanrun nínú ihò rẹ̀, wá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní oorun ibí yìí dùn ju tilé lọ. Yánníbo yọjú lójú fèrèsé, ó kà wọ́n. Ó gbé àga gbọọrọ jáde, ó gbé agbada kaná, ó din àkàrà. Ìjókòó dọ́là méjì.

Àwọn oníjókòó náà gba orin Bífà, wọ́n yí i padà:

Lílé: Ìjàpá Tìrókò, o ṣeun, o ṣeun.
Ègbè: Ó gbóná jẹ́jẹ́, lẹ́yìn ògiri.
Lílé: O wà nínú ilé, o wọ jákẹ́ẹ̀tì.
Ègbè: Ó gbóná jẹ́jẹ́, lẹ́yìn ògiri.
Lílé: A wà níta, a bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.
Ègbè: Ó gbóná jẹ́jẹ́, lẹ́yìn ògiri.

Ìjàpá gbọ́ orin, ó di etí. Ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún un láti ilé ìtajà, òpó méjì, ó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó fẹ́ fi gbé kẹ̀kẹ́ kó lè lẹ táyà. Wọ́n ní kó fi bóòtù kan òpó náà mọ́ kóńkéré. Ó ṣí fóònù, ó wá fọ́tò páìpù: agbádá, agbádá, fìlà, agbádá. Ó fojú díwọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ ìlulẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Omi tú lù ú lójú. Omi pupa, èyí tí wọ́n pò mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, ó ta dé kọ́bọ́ọ̀dù, ó ta dé òrùlé. Kí Bífà tó dé, ilé iṣẹ́ ti di odò, Bífà sì wò ó bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀. Ó ti ojú ọ̀nà kan pa nínú mẹ́jọ. Ó ní ìyẹn ti kú nìyẹn, àfi bí wọ́n bá fọ́ ilẹ̀, kí méje yòókù máa ṣiṣẹ́ lọ.

Láàárín wákàtí díẹ̀, Ehoro ti kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo jókòó sí ti tutù. Mo ti sanwó o."

Ìjàpá ò dáhùn. Omi ti rin jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbindin. Ó jáde, ó yí ilé po, ó wá àyè láàárín Béárì àti Àgbọ̀nrín, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó fi owó báńkì kọ́. Ooru wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Bó ṣe fẹ́ pa ojú dé ni Yánníbo na abọ́ owó sí i.

"Yánníbo! Èmi ni mo ni gáréèjì yìí!"

"Olówó orí mi, ẹ̀yin lẹ ni inú rẹ̀. Ìta la wà yìí. Dọ́là méjì. Owó àkàrà lọ́tọ̀."